Ìlú méjì tó jẹ́ orogún, ọ̀nà aṣálẹ̀ kan: báwo ni ọ̀wọ́ èrò wọn ṣe lè yàtọ̀ síra?

ỌmọKúbwà (Àbújá)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń palẹ̀ ayé tuntun mọ́ fún eré ìtàn orí tábìlì, níbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bí ẹ̀dá inú ìtàn, tí a ń ṣe ní Kúbwà lọ́jọ́ Sátidé. Yorùbá la fi ń ṣe é látòkè délẹ̀.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí nìyí. Ìdí-Aró wà nínú ọ̀dàn. Aṣọ aláró àti obì tó ń ti inú igbó ẹ̀yìn ìlú wọn wá ni wọ́n ń tà. Etí-Yanrìn wà ní bèbè aṣálẹ̀. Iyọ̀ àti kán-ún ni tiwọn. Àwọn méjèèjì ń du ọjà kan ṣoṣo, Ọjà-Odò, tó wà lódìkejì aṣálẹ̀ náà, létí odò tí igbó ṣíṣú yí ká. Wúrà àti irin ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà ìlú méjèèjì pàdé ní Kànga Ìyá-Àgbà: kìlómítà 200 láti ìlú kọ̀ọ̀kan dé kànga náà, kìlómítà 200 míì láti ibẹ̀ dé ọjà.

Ìṣòro mi ni pé nígbà tí mo kọ ọ̀wọ́ èrò méjèèjì sílẹ̀, ìyẹn àwọn oníṣòwò àti ẹran tó ń ru ẹrù wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹranko 100, èèyàn 25, idà lọ́wọ́ gbogbo wọn, àwọ̀ láwàní nìkan ló yàtọ̀. Bí wọ́n bá pàdé, wọn á jà, ìjà á parí, kò tún sí nǹkan kan mọ́. Etí-Yanrìn ń lo ràkúnmí. Ti Ìdí-Aró, mo fẹ́ kí wọ́n máa fi agílíńtí tó tóbi tó màlúù ru ẹrù. Kí ni kí n ṣe kí ìdíje wọn lè ní ìtumọ̀? Ẹ bá mi dá sí i.

Alájàpá (Kánò)

Àbúrò, fi idà sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ ṣírò ẹrù. Omi ni ọ̀wọ́ èrò aṣálẹ̀ ń gbé kiri, ọjà kàn gun orí rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá tíì mọ iye omi tí wọ́n gbé kò lè mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ràkúnmí tó dára ń ru kílò 150 lọ́nà jíjìn. Ó lè ru 200, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè náà. Kìlómítà mẹ́rin ló ń rìn ní wákàtí kan, 40 lójúmọ́. Ọjọ́ márùn-ún dé kànga nìyẹn, márùn-ún míì dé ọjà. Nínú oòrùn yẹn, ka lítà márùn-ún fún ẹnì kan lójúmọ́, pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń sè. Èèyàn 25 fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ lítà 625. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń pọn omi sí máa ń sun omi díẹ̀díẹ̀, oòrùn sì ń gbẹ ẹ́. Yọ ìdá kan nínú márùn-ún sí òfò. Èyí túmọ̀ sí pé lítà 780 ló gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Bí awọ kan bá gba lítà 25, awọ 32 ni. Ràkúnmí kan ń gbé mẹ́fà. Ràkúnmí mẹ́fà, omi nìkan ló wà lórí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná nìyí: ṣé olórí èrò gbà pé omi wà nínú Kànga Ìyá-Àgbà? Bó bá gbà, ràkúnmí mẹ́fà tó. Bí kò bá gbà, omi ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò gbé: awọ 63, ràkúnmí 11. Márùn-ún tó lé yẹn, iyọ̀ ni wọn ì bá rù. Pátákó iyọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ní Taoudenni, ní àríwá Mali, máa ń wọn kílò 30 sí 40, mẹ́rin ni ràkúnmí kan ń gbé. Ìbẹ̀rù kànga gbígbẹ ti mú pátákó 20 lọ kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu ibodè. Nítorí náà, bí Ìdí-Aró bá rán ẹnì kan lọ sí Etí-Yanrìn láti lọ sọ ọ́ nínú ọjà pé kànga ti wó, ó ti fi ẹnu jí pátákó 20. Irú ìdíje tó yẹ kí àwọn tó ń bá ọ ṣeré máa ronú lé lórí nìyẹn.

Fún kànga náà ní jíjìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní mítà 30 ni. Korobá awọ tó gba lítà mẹ́wàá, láti ìgbà tó bá wọlẹ̀ títí tí wọ́n á fi dà á sínú ọpọ́n ẹran, gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ràkúnmí tí òùngbẹ ti gbẹ gan-an lè mu lítà 100 lẹ́ẹ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fún ràkúnmí 100, lítà 10,000 ni, ìyẹn ni pé wọ́n á fa korobá lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀rún. Okùn kan ṣoṣo á gba wákàtí 17 ó dín díẹ̀. Okùn mẹ́ta á gba wákàtí márùn-ún àbọ̀. Nínú ọyẹ́ ràkúnmí lè má mu tó ìdajì iye yẹn. Àmọ́ omi inú kànga náà kì í yára sun padà, ẹni tó bá dé ṣìkejì á bá ẹrẹ̀. Kò sí idà kankan nínú gbogbo èyí, síbẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wá ojútùú.

Ohun kan tún kù tí àwọn tó ń kọ ìtàn aṣálẹ̀ máa ń gbàgbé: koríko. Láàárín Agadez àti Bilma ní orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí àwọn Tuareg ń gbà lọ ra iyọ̀, ilẹ̀ Ténéré kò ní ohun tí ẹran lè jẹ. Wọ́n máa ń di koríko lérù láti ilé, wọ́n á sì máa fi ìdì díẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún ìpadàbọ̀. Ìdì koríko tó dá wà nínú yanrìn, láìsí olùṣọ́. Bí orogún bá dáná sun ún, ẹni tó ni ín kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù kíkún àti ẹran tó ti rẹ̀. Nínú gbogbo ìwà ìkà tí o lè fún ìlú méjèèjì, èmi ò rí èyí tó burú tó o.

Oníbodè (Ìlọrin)

Ẹ káàbọ̀ síbí, ỌmọKúbwà. Ìṣirò ẹ̀gbọ́n Alájàpá tọ̀nà, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tèmi ni pé ibi tí àlejò máa sùn sí gan-an ni àwọn ìlú orogún máa ń dù.

Ẹ wo Kánò àti Kàtsínà. Nǹkan bíi kìlómítà 170 ló wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì sì ń fẹ́ kí ràkúnmí tó bá ti aṣálẹ̀ bọ̀ wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tiwọn. Kàtsínà ló ń borí ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nígbà tí jìháàdì Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804, ogun da agbègbè Kàtsínà rú, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì kó lọ sí Kánò. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, fi dé Kánò ní 1824, tí Barth, ará Jámánì, náà fi dé ibẹ̀ ní 1851, ibẹ̀ ni ọjà ńlá wà. Aṣálẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, àwọn kànga náà kò kúrò. Àwọn onílé ló kó lọ, ọjà sì tẹ̀ lé wọn.

Onílé àlejò yìí, tí Hausa ń pè ní maigida, ni kó o kọ dáadáa ju olórí ogun lọ. Òun ló ń fún èrò ní yàrá àti ibi ìkẹ́rùsí. Òun ló ń ṣe ògbufọ̀, òun ló ń wá oníbàárà, òun ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ tà láwìn. Inú ọjà tí àlejò bá tà ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Fi irú onílé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta sí Ọjà-Odò. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye yàrá tó ní àti orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó jẹ onílé lówó kò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ sọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Bí Etí-Yanrìn bá san gbèsè tí Ìdí-Aró jẹ fún onílé kan, wọ́n ti ra ilé náà lábẹ́ Ìdí-Aró nìyẹn.

Owó ibodè náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí oníbodè bá ń gba owó lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan láìbèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó gbé ohun wúwo tí owó rẹ̀ kéré ló fara gbá a, ìyẹn oníyọ̀. Bó bá ń gba ìdá kan nínú iye tí ọjà tó, aláṣọ ló ń jìyà. Nítorí náà, ẹ̀bùn tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń fún ọba Ọjà-Odò lọ́dọọdún, ìdí kan ló ní: kí ó yí òfin ibodè padà sí ọ̀nà tó bá ọjà tiwọn mu. Fún ọba yẹn ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta kó tó tún òfin náà wò, ìwọ náà á rí i bí ẹ̀bùn ṣe máa ń pọ̀ sí i bí ọdún kẹta bá ń sún mọ́lé.

Kí wọ́n má sì jẹ́ kí owó rọrùn gbé. Owó ẹyọ dára fún ayé rẹ. Ogójì ló wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹyọ 20,000. Bó jẹ́ ẹyọ kékeré, ọ̀kẹ́ kan ń súnmọ́ kílò 25. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà péré ni ràkúnmí lè gbé! Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ń kó owó padà sílé: ọjà ni wọ́n ń fi ọjà rà. Olè tó bá dá wọn lọ́nà á bá kán-ún, irin àti aṣọ, ó sì gbọ́dọ̀ ní ọjà tiẹ̀ níbi tí yóò ti tà á. Bí o bá wá bi ara rẹ léèrè pé ta ni ń ra ẹrù olè, ìlú orogún ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obì náà. Gbànja tí gbogbo wa ń pè, orúkọ ilẹ̀ Gonja ló wà lára rẹ̀, ní àríwá Gánà òde òní. Ọjà Salaga ní ilẹ̀ yẹn ni àwọn Hausa ti ń ra obì tó ń ti ọ̀dọ̀ Asante wá. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Asante ní 1874, Salaga bọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ Asante, Kintampo sì dìde gẹ́gẹ́ bí ọjà obì Asante. Odindi ìlú kan ni wọ́n fi dáhùn ìlú míì. Nínú ayé rẹ, bí Ọjà-Odò bá ń ṣe ojúsàájú jù, ẹni tó ń pàdánù lè lọ dá ọjà tiẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà ọjọ́ méjì sísàlẹ̀ odò.

ỌmọKúbwà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Mo ti fa idà 40 kúrò nínú ìwé mi. Ó ku ti agílíńtí. Ṣé ràkúnmí tó ní ìrù gígùn ni kí n kàn pè é ni, àbí ó ní ohun tó yẹ kó yí padà? Ohun tí mo kọ ni pé ó ń ru kílò 100, ó sì ń rìn bíi ràkúnmí.

Ẹlẹ́ran (Jos)

Yóò yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà o. Má fi ṣeré.

Ara agílíńtí kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Oòrùn ló ń yá a. Òru aṣálẹ̀ nínú ọyẹ́ tutù gan-an, nítorí náà láàárọ̀, ẹran rẹ á le gbagidi bí igi. Ràkúnmí lè gbéra ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ó rìn títí di aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, kí ó sinmi, kí ó tún rìn nírọ̀lẹ́. Agílíńtí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìhà kọ oòrùn, bóyá títí di aago mẹ́sàn-án. Lọ́sàn-án gangan, yanrìn á ti gbóná jù fún un, yóò fẹ́ wa ihò. Ó kù fún un láti aago mẹ́sàn-án dé méjìlá, àti láti aago mẹ́ta dé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Wákàtí mẹ́fà. Ní kìlómítà mẹ́rin fún wákàtí, 24 lójúmọ́ ni, kì í ṣe 40.

Ohun tó gbà padà ni oúnjẹ. Ẹranko afàyàfà ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹran ọlọ́mú tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ń jẹ, omi tó ń fẹ́ náà sì kéré. Kò sí ìdì koríko lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni máa sun. Bí ó bá ti jẹun yó ní Ìdí-Aró, ó lè má jẹ nǹkan kan mọ́ títí dé Ọjà-Odò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fara sin níbẹ̀. Èèyàn ń mu omi bí ẹran kò tilẹ̀ mu. Kìlómítà 200 ní 24 lójúmọ́ jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èèyàn 25 fún ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́ lítà 1,125. Fi òfò awọ kún un, ó ń lọ sí 1,400. Awọ 57. Awọ mẹ́rin ni agílíńtí oníkílò 100 lè gbé, nítorí náà ẹran 15 ni yóò máa gbé omi nìkan. Etí-Yanrìn ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú mẹ́fà. Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí Ìdí-Aró dín èèyàn kù sí 15: awọ 34 tó, ẹran mẹ́sàn-án tó. Àmọ́ èèyàn 15 tó ń ṣọ́ ẹran 100, olè á gbọ́ nípa rẹ̀. O rí i báyìí pé ìwọ kọ́ ni yóò pinnu pé ìlú kan ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀, tí èkejì ní díẹ̀. Ẹran wọn ló pinnu rẹ̀.

Nípa ẹrù dídì: ikùn agílíńtí sún mọ́ ilẹ̀, nítorí náà kò sí ẹrù tó lè rọ̀ sí ìhà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lo ní. Bó bá ń rìn, ara rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ejò, okùn tí wọ́n bá dì yí ikùn rẹ̀ ká á máa ha á síwá sẹ́yìn, á sì gé awọ rẹ̀. Fi ọ̀já fẹ̀ǹfẹ̀ méjì ṣe é, ọ̀kan lẹ́yìn apá, ọ̀kan níwájú itan, má so méjèèjì pọ̀ ní gbọnrangandan. Aṣọ tí wọ́n ká bá a mu jù. Pátákó iyọ̀ á fọ́.

Ẹyọ kan péré tó kù: ọ̀pọ̀ alángbá kì í lè sáré kí wọ́n sì mí dáadáa lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹran ìhà kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì. Bí o bá ka agílíńtí tìrẹ mọ́ wọn, sáré kúkúrú ni yóò máa sá, lẹ́yìn náà á dúró gbọn-in. Èyí dára fún ojú ìjà, bí o bá ṣì fẹ́ fi ọ̀kan sí i.

Gàárì (Sókótó)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ẹrù fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrìn àjò ti ń bàjẹ́ kí olè tó dé.

Egbò ẹ̀yìn máa ń pa ràkúnmí èrò. Ìrọ̀rí koríko méjì ló wà lábẹ́ gàárì ẹrù, ọ̀kan lápá ọ̀tún iké, ọ̀kan lápá òsì. Bí ẹrù apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, kódà pẹ̀lú kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún, gàárì á máa yọ̀ sápá kan, á máa ha awọ, ní ọjọ́ kẹta egbò ti ṣí. Nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹran kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti gbóná, wọ́n á yọ koríko kúrò nínú ìrọ̀rí ní ojú ibẹ̀ kó má baà kàn án mọ́. Ọ̀wọ́ èrò tó bá ń kánjú kí ó lè kọ́kọ́ dé kànga ni kì í ṣe àyẹ̀wò yìí. Èyí ni kó o fi ṣe owó tí ìkánjú ń gbà: fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rìn ju kìlómítà 40 lọ, ràkúnmí méjì bọ́ sílẹ̀, ẹrù wọn á sì lọ sórí àwọn tó kù.

Ẹrù gbígbé àti sísọ̀ náà ní wákàtí tirẹ̀. Èèyàn méjì ló ń di ràkúnmí kan, ìṣẹ́jú márùn-ún bí ọwọ́ wọ́n bá yá. Èèyàn 25 jẹ́ ìsọ̀rí 12, ẹnì kan á wà nídìí iná. Ràkúnmí 100 á gba wọ́n ní ìṣẹ́jú 45 láàárọ̀. Ìṣẹ́jú 45 yẹn ni wọn kò lè dáàbò bo ara wọn rárá, torí gbogbo ọwọ́ wà lára okùn.

Wàyí o, obì. Obì gbànja kì í fẹ́ gbẹ, kì í sì í fẹ́ rẹ. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ ni wọ́n ń kó o sí, ewé á tún bò ó lórí, wọn á sì rán an. Ní ọjọ́ mélòó kan síra, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n ṣa èyí tí kòkòrò ti lu àti èyí tó ti ń hu, kí wọ́n pààrọ̀ ewé, kí wọ́n bu omi wọ́n ọn. Bí omi bá pọ̀ jù, ó jẹrà. Bó bá kéré jù, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ á sọ ọ́ di wíwúnjọ, oníbàárà kò ní fọwọ́ kàn án. Nítorí náà Ìdí-Aró ní ẹlòmíì tó ń mu omi lẹ́yìn èèyàn: obì wọn. Ewé tútù kò sì sí nínú aṣálẹ̀, láti ilé ni wọ́n á ti gbé e. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí kànga, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn á tú obì náà. Iyọ̀ kò bèèrè nǹkan kan lójú ọ̀nà àfi kí òjò má pa á. Etí-Yanrìn kò lè gbéra kí òjò tó dáwọ́ dúró pátápátá. Ìdí-Aró, tí ẹran wọn ń fà, gbọ́dọ̀ gbéra ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí wọ́n tó lè dé kànga lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí òjò ìkẹyìn ṣì lè ká aṣọ aláró mọ́ ẹ̀yìn ẹran. Aṣọ aláró tí wọ́n ti fi òòlù lù títí ó fi ń dán, bí òjò bá pa á, dídán náà ti lọ. Fún wọn ní awọ tí wọ́n fi òrí pa láti fi bò ó, kó o sì ṣírò ìwúwo awọ náà mọ́ ẹrù.

Igbó etí odò náà ṣe pàtàkì. Ibi tí eṣinṣin tsetse, tó ń kó àrùn ran ẹran, bá wà, ràkúnmí kì í pẹ́ kú. Etí-Yanrìn gbọ́dọ̀ dúró kí igbó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ẹrù. Ràkúnmí kan, kílò 150, jẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́ta tàbí aláàárù márùn-ún tó ń gbé kílò 30 lórí òṣùká. Ràkúnmí oníyọ̀ 80 á nílò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ 240. Ta ló ni wọ́n? Bí Ìdí-Aró bá ti háyà gbogbo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abúlé yẹn sílẹ̀ ṣáájú, iyọ̀ á jókòó sínú yanrìn níbi tí wọ́n ti ń rí odò lókèèrè. Tèmi, ibẹ̀ ni mo máa fi ìdíje ńlá sí, kì í ṣe ìdí kànga.

Ẹ̀gbọ́n Alájàpá, ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ìdí kànga kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe ara wọn níbi. Ẹ rántí igi Ténéré, igi acacia kan ṣoṣo láàárín yanrìn tó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Gbogbo ọ̀wọ́ èrò ló ń fi í mọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò gé e fi dáná, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí ràkúnmí jẹ ẹ́ tán. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wá wó o ní 1973, tí wọ́n fi gbé ìyókù rẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Niamey. Ohun tí gbogbo ènìyàn nílò láti wà láàyè, ọ̀tá méjì á jọ ṣọ́ ọ.

Alájàpá (Kánò)

Mo gbà fún ọ lórí igi yẹn, Gàárì. Mo gbà náà pé ẹni tó bá ba kànga jẹ́ kò ní rí ẹni bá tajà mọ́. Àmọ́ títò lẹ́yìn ara wọn fún omi kì í ṣe ìbàjẹ́ kànga, ó sì lè gbóná janjan. Ká jọ fún un ní òfin: ẹni tí okùn rẹ̀ bá kọ́kọ́ tutù á fún ẹran 20 lómi, á sì yẹra kí èkejì fún 20 lómi, bẹ́ẹ̀ títí. Omi èèyàn ṣáájú omi ẹran, láìwo ìlú. Ẹni tó bá rú òfin náà, afọ̀nàhàn kankan kò ní bá a lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Afọ̀nàhàn gan-an ló yẹ kó o fi agbára yẹn lé lọ́wọ́, ỌmọKúbwà. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco, gba Sijilmasa ní Morocco lọ sí Walata, ní Mauritania òde òní, ní 1352, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èrò máa ń háyà ọkùnrin kan láti ìran Massufa, tí wọ́n ń pè ní takshif. Yóò dá nìkan ṣáájú lọ pẹ̀lú lẹ́tà sí àwọn ará Walata, kí wọ́n lè háyà ilé sílẹ̀ kí wọ́n sì gbé omi wá pàdé wọn ní ọ̀nà ọjọ́ mẹ́rin. Mísíkálì wúrà 100 ni wọ́n san fún un (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà láyé ìgbà yẹn ni mísíkálì). Bí takshif bá kú lójú ọ̀nà, ará ìlú kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀, ọ̀pọ̀ èrò á sì ṣègbé. Jẹ́ kí ìdílé kan ṣoṣo nínú ayé rẹ mọ ọ̀nà náà, kí ìlú méjèèjì máa háyà ọmọ bàbá kan náà. Ẹ̀gbọ́n á wà níwájú Etí-Yanrìn, àbúrò níwájú Ìdí-Aró.

Nípa bí ẹ ó ṣe máa ka gbogbo èyí lórí tábìlì láìsí ìwé rẹpẹtẹ: ẹ gbé ọpọ́n ayò síbẹ̀. Ihò mẹ́fà fún ìlú kan, mẹ́fà fún èkejì. Ọmọ ayò kan jẹ́ omi ọjọ́ kan fún gbogbo èrò. Etí-Yanrìn á yàn márùn-ún tàbí mẹ́wàá, Ìdí-Aró á yàn mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì yọ ọjà kúrò fún èyí tó bá lé. Lójúmọ́, ẹ yọ ọmọ kan, ẹ ju dáìsì kan. Bó bá já sí 1, awọ ya, ẹ yọ ọmọ kan sí i. Bó bá já sí 6, ìjì yanrìn ni, ọjọ́ náà lọ láìrìn. Ohun yòówù tó kù, ìrìn àjò ń lọ. Ẹni tó bá ń wo ihò òfìfo lójú ara rẹ̀ kò tún nílò kí o sọ fún un pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

ỌmọKúbwà

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kú làálàá o. Ìbéèrè kan ló kù: bí àwọn méjèèjì bá dé kànga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, tí okùn wọn sì tutù pa pọ̀, ta ló ṣáájú?

Gàárì (Sókótó)

Ìdí-Aró. Agílíńtí kò lè mu omi bí ilẹ̀ bá ti tutù, ràkúnmí lè mu ún lóru. Etí-Yanrìn á gba kán-ún tàbí obì díẹ̀ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Jẹ́ kí àwọn tó ń ṣeré náà fúnra wọn dúnàádúrà iye rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹlẹ́ran (Jos)

Obì ni wọ́n á gbà. Kán-ún wà nílé Etí-Yanrìn tẹ́lẹ̀. Kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tí wọ́n sì pààrọ̀ ewé rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ara wọn.